Igi Tuntun Nínú Igbó Ebo
Oṣù kìíní ọdún 2022 ni àwọn onímọ̀ ewéko láti ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù kéde igi tuntun kan láti igbó Ebo ní Kamẹrúùnù: Uvariopsis dicaprio. Kò ga ju bíi mítà 4 lọ. Ara ìtì rẹ̀ gan-an ni òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó ń dán ti ń yọ. Ìbátan èèrù tí à ń rà fún àgbo ni. Orúkọ òṣèré Leonardo DiCaprio tó gbèjà igbó náà lọ́wọ́ agégẹdú ni wọ́n fi sọ ọ́. Iye tí wọ́n rí kò tó 50. Orúkọ náà ṣe pàtàkì, nítorí igi tí kò ní orúkọ sáyẹ́ǹsì kì í sábà wọ ìwé àwọn ohun tó fẹ́ run. Ẹ̀yin oníṣòwò gẹdú, ẹ béèrè igbó tí wọ́n ti gé gẹdú tí ẹ fẹ́ rà kí ẹ tó sanwó.