Ẹ Má Rọ Epo fún Ọmọ Tí Èémí Há Mọ́ Lọ́fun

Ohùn kan tí wọ́n ká sílẹ̀ tún ń lọ láti fóònù dé fóònù. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní bí èémí ọmọ bá ń dún, òtútù ló ti dì sí i lọ́fun. Ó ní kí wọ́n yọ́ epo pupa, kí wọ́n fún omi àlùbọ́sà sí i, kí wọ́n dá ọmọ dùbúlẹ̀, kí wọ́n di imú rẹ̀, kí wọ́n sì rọ ọ́ fún un. Àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó jẹ́ fún àwọn. Kò yà mí lẹ́nu. Òbí ọmọ tí kò jẹ́ fún kì í fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà méjì ló wà lọ́fun èèyàn. Ọ̀kan ń gbé oúnjẹ lọ sínú ikùn. Èkejì, tí gògóńgò wà lórí rẹ̀, ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ọmọ bá ń fa èémí sínú, ọ̀nà afẹ́fẹ́ yìí ló ti ń wá. Ó ti wú, tàbí nǹkan ti há sí i, afẹ́fẹ́ wá ń fipá gba ibi tóóró kọjá. Ti ikọ́ fée yàtọ̀: inú àyà ni tiẹ̀ ti ń dún, ó sì máa ń dún jù nígbà tí èèyàn bá ń mí síta. Híhanrun ọmọ tí imú dí náà tún yàtọ̀.

Ó dáa, epo tí ẹ rọ fún un, níbo ló gbà? Bó bá gba ọ̀nà oúnjẹ, kò kan ibi tí ìyọnu wà rárá. Bó bá gba ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ ti sọ ìyọnu kan di méjì. Nígbà tí gọ́tà bá dí, ṣé ẹrẹ̀ la fi ń là á? Ọmọ tó ń jà fún èémí kò ráyè gbé nǹkan mì. Ẹ sì tún di imú rẹ̀! Ẹnu nìkan ló kù tó lè fi mí, epo lẹ sì kún un. Bó bá ti fa èémí báyìí, inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo ń lọ. Omi tiẹ̀ sàn díẹ̀, torí omi á mú un wúkọ́. Epo á yọ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, á jókòó síbẹ̀, á sì di àìsàn mìíràn. Ẹ má sọ fún mi pé àwọn ìyá wa ṣe é. Àwọn kan nínú àwọn ìyá wa rọ ìtọ̀ màlúù fún ọmọ onígìrì, a sì mọ iye ọmọ rere tó bá a lọ.

Ọ̀nà afẹ́fẹ́ ìkókó kò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà 4 lọ níbi tó ti há jù. Bó bá wú ní mìlímítà 1 péré yíká, mìlímítà 2 ló kù, àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà sì ti di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìwú kan náà lè má ju kí ohùn àgbàlagbà há lọ. Ìdí nìyí tí kò fi sí "ẹ jẹ́ ká wò ó di àárọ̀" nínú ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ohun tó ń fa ariwo yìí pọ̀. Kòkòrò àrùn kan máa ń mú gògóńgò ọmọ wú, pàápàá láti oṣù 6 sí ọdún 3. Ikọ́ rẹ̀ máa ń dún bí ajá tó ń gbó, òru ló sì máa ń le jù. Ilé ìwòsàn ní oògùn tó ń mú ìwú náà wálẹ̀. Àwọn ìkókó kan wà tí gògóńgò wọn rọ̀ láti inú oyún. Èyí tó pọ̀ jù lára wọn ń bọ́ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, àmọ́ dókítà ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Dìfitéríà náà wà, tó tún gbérí ní Nàìjíríà láti ìparí ọdún 2022. Kánò ló ti ṣọṣẹ́ jù, àmọ́ ó dé Èkó náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń gún fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ló ń dènà rẹ̀. Ní ti àwọn tó ń gé bélúbélú ọmọ láti fi wo irú ariwo yìí, ẹ sá fún wọn. Ìyẹn kò gba àlàyé.

Bí èémí ọmọ bá dédé há níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà tàbí tó ń fi bátìrì kékeré ṣeré, tó sì ń wúkọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́. Bí kò bá lè wúkọ́ tàbí sunkún mọ́, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí itan, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí lọ, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, tí ọmọ kò tíì pé ọdún kan, ẹ yí i padà, ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ọmọ bá ti pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ìkúùkù tẹ òkè ìdodo rẹ̀ wọnú, kí ẹ sì fà á sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe é ní àṣetúnṣe. Bó bá dákú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa wá ọkọ̀. Ẹ má ki ìka bọ ọ̀fun tí ẹ kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe pé nǹkan há a lọ́fun, ẹ gbé ọmọ jókòó sórí ẹsẹ̀ yín, ẹ má dá a dùbúlẹ̀, ẹ má sì fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀ wò. Bó bá ń dún nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, tí àyà rẹ̀ ń wọnú, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí ahọ́n rẹ̀ ń dúdú, ilé ìwòsàn ńlá ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹ pe 112. Ní Èkó, 767 náà wà. Bí ariwo náà bá ṣàdédé dákẹ́, tó sì rẹ ọmọ tẹnutẹnu, kò tíì sàn o. Agbára tó fi ń fa èémí ló ń tán lọ.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu nínú ilé. Nígbà tí ìyàwó ọmọ yín bá ní òun fẹ́ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, ẹ má pè é ní ojo, ẹ má ní kó dúró. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má sùn padà. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra epo, ẹ fi wọ ọkọ̀.