Ìjìnnà Kì í Ṣe Àkókò

Orúkọ Máìlì 12 ní agbègbè Kòsọ́fẹ́ jẹ́ ẹ̀rí pé ìwọ̀n ọ̀nà ti wọ inú èdè Yorùbá. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi ará Kétu léèrè bí Àbújá ti jìnnà tó, wákàtí ni yóò fi dáhùn. Èyí kò burú lẹ́nu èrò ọkọ̀. Inú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ó ti di àṣìṣe.

Láti Èkó dé Àbújá, nǹkan bí kìlómítà 500 ni lójú òfuurufú, ṣùgbọ́n ọ̀nà ilẹ̀ kọjá 700. Ọkọ̀ òfuurufú ń fò ó ní nǹkan bí wákàtí 1. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Kétu dé pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà sì lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi àpapọ̀ àkókò yìí pín 500 yóò ṣi ìyára ọkọ̀ náà ṣírò.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀: ‘ìjìnnà’ fún àlàfo tààrà láàárín ìlú méjì, ‘gígùn-ọ̀nà’ fún ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà, ‘àkókò-ìfò’ láti ìgbéra dé ìbalẹ̀, ‘àkókò-ìrìnàjò’ láti ẹnu ilé dé ibi tí à ń lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wọn ọ̀nà gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó gbà.