Ta ló kọ́ ajá ní fèrè?

Gbogbo wa la ń pa á lówe pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ajá la sì ń dá lẹ́bi. Èmi ò gbà. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í fi pàṣán kọ́ ajá: ọmọ ajá á tẹ̀lé àgbà ajá wọgbó ọ̀yà, ṣaworo á máa dún lọ́rùn rẹ̀, bó bá jẹ́ fèrè, ìfun ẹran di tirẹ̀. Ní ti ṣaworo yìí, ajá Basenji ilẹ̀ Kóńgò, elétí ṣóńṣó, onírù kíká, kì í sábàá gbó. Agogo ọrùn rẹ̀ ni ọdẹ fi ń mọ ibi tó wà. Ẹ̀yin ọdẹ, bí ẹ ti ń kọ́ àwọn ajá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún wọn lọ́dọọdún.