Oyin ni Ọ̀ṣun Gbà, Kì í Ṣe Ìgò

Oore yèyé Ọ̀ṣun! Àwa kan ní Peckham ń múra láti fẹsẹ̀ rin inú igbó lọ sí Sgwd yr Eira ní Wales, níbi tí odò Hepste ti ń já láti orí àpáta, tí ènìyàn sì lè gba ẹ̀yìn omi náà kọjá. Ìdájí la ó gbéra, nítorí ọ̀nà jìn. Kí oníkálukú wọ bàtà tí kì í yọ̀, kó mú ẹ̀wù òjò dání. Bí òjò ńlá bá rọ̀ mọ́jú, a ó sún ìrìn náà síwájú: odò tó kún kò mọ ẹni tó jẹ́ olórìṣà.

Gbogbo wa gba ìyẹn. Ibi tí ìjà wà nìyí: àwọn kan ní bí a kò bá fi ìgò oyin àti àbẹ́là sílẹ̀ létí omi, ẹbọ kò dà. A kò gbà! Ta ní ń da ìdọ̀tí sí yàrá ìyá rẹ̀, tó ń pè é ní ọrẹ? Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ tẹ àfọ́kù ìgò náà kò ní bi wá léèrè òrìṣà tí à ń bọ.

Ẹ jẹ́ ká júbà onílẹ̀, ká kán oyin díẹ̀ sómi, ká sì kó gbogbo ìyókù padà sí Peckham.