Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ẹ Yé Fi Àìsí Yàrá Àyẹ̀wò Bojú

Àwáwí kan ti di orin lẹ́nu ọ̀pọ̀ alákòóso ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Yorùbá: kò sí yàrá àyẹ̀wò, kò sí irinṣẹ́. Nítorí àwáwí yìí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè há a sórí pé ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì omi, kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún WAEC, kó sì yege, láìfi ojú rẹ̀ rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ̀kọ́ àhásórí kì í pẹ́ fò lọ lẹ́yìn ìdánwò.

Ohun tó ń bí ni nínú ni pé irinṣẹ́ ẹ̀kọ́ yìí kò kọjá agbára ìdílé kan ní Àrán-Ọ̀rin. Tọ́ọ̀ṣì léésà pupa kékeré tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, fọ́nrán irun orí kan, teépù àti ògiri funfun ti tó. Kí wọ́n na irun náà gba iwájú ẹnu tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi teépù lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì tan án sí ògiri nínú òkùnkùn. Fún iṣẹ́ yìí nìkan ni iná ọba tó lọ ṣe wúlò.

Kì í ṣe òjìji irun ni wọn yóò rí. Ìlà pupa gígùn ni, tí ibi dúdú ń gé sí wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irun ti pàdé lára ògiri: níbi tí ìgbì wọn ti jọ ga, ó mọ́lẹ̀, níbi tí ọ̀kan ti ga tí èkejì sì lọ sílẹ̀, wọ́n pa ara wọn rẹ́.

Èyí kì í ṣe eré lásán, nítorí rúlà lè sọ ọ́ di ìṣirò. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ pupa bẹ́ẹ̀ tó mìlímítà 0.00065. Bí ògiri bá jìnnà ní mítà 3, tí ibi dúdú kan sí èyí tó tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà sì jẹ́ mìlímítà 28, kí ọmọ náà sọ 0.00065 di ìlọ́po 3,000, kó pín in sí 28. Irun náà nípọn tó mìlímítà 0.07. Ọmọ tó fi rúlà wọn irun orí ìyá rẹ̀ kò ní gbàgbé físíìsì mọ́.

Ta ló ní sáyẹ́ǹsì gidi kò lè ti inú ohun kékeré jáde? Isaac Newton, tí ayé ń wárí fún, ti sọ pé hóró kéékèèké ni ìmọ́lẹ̀. Ní 1803, dókítà kan, Thomas Young, sọ fún Royal Society ní London bí òun ṣe fi abẹ́rẹ́ lu ihò kí oòrùn lè gbà á wọlé, tí òun sì fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ tó mìlímítà 1 la ìtànṣán náà. Páálí lásán ló fi ta ko Newton!

Àwọn kan yóò ní èyí yóò fún ìjọba láyè láti sùn. Irọ́ ni. Ọmọ tí kò rí nǹkan kan rí kò mọ ohun tí wọ́n fi dù ú. Èyí tó ti rí díẹ̀ ni yóò béèrè púpọ̀. Yàrá àyẹ̀wò ṣì jẹ́ gbèsè lọ́rùn ìjọba, kí wọ́n san án. Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè dúró de gbèsè kó tó gbọ́n.

Ewu kan wà, ẹ má fojú kéré rẹ̀: iná léésà lè ba ojú jẹ́ títí láé. Kí àgbàlagbà wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wò ó lẹ́nu, kí wọ́n má sì tan án sí dígí.

Yunifásítì Landmark ti wà ní Òmù-Àrán láti 2011. Kò yẹ kí ọmọ Ìgbómìnà dé irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú orí tó kún àti ọwọ́ tó ṣófo. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ wá fọ́nrán irun kan lálẹ́ òní.