Orin Tó Wọnú Àkójọ, Orin Tó Ṣẹ́kù Síta

Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tó wà ní Abidjan, ì báà ṣe Treichville, Adjamé tàbí Koumassi, páálí kan máa ń wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí àwọn àgbà ilé kì í gbà kí ẹnikẹ́ni dà nù. Kásẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀. Sunny Adé wà níbẹ̀, Ebenezer Obey wà níbẹ̀, Síkírù Àyìndé Barrister náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún tú u wò dáadáa, ẹ ó kan Billy Ocean, ẹ ó kan Lionel Richie àti Luther Vandross, àwọn ọkùnrin tó kọrin soul láyé kóòtù elèjìká gíga. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àwo ọdún kan pàtó ni, àkójọ àwọn orin wọn tó gbajúmọ̀ jù lọ ni.

"Best of" ni wọ́n ń pè é ní Abidjan, nítorí pé àwọn Faransé fúnra wọn ti yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ èdè ti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe ṣókí fún un títí. "Àkójọ àṣàyàn orin" ni a rí, ó sì gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ nígbà tó bá ń nawọ́ owó sí ọlọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí òwò náà ṣe ń lọ. Tí akọrin bá ti ṣe àwo mẹ́ta mẹ́rin tó tà, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde á ṣa àwọn tó tà jù níbẹ̀ pọ̀ sójú kan. Owó ìgbohùnsílẹ̀ ti jáde tipẹ́, èrè ló kù. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó ti ra gbogbo àwo yẹn tẹ́lẹ̀, kí ni yóò tún fi èyí ṣe? Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọ́n á fi orin tuntun díẹ̀ kún un. Nígbà tí Greatest Hits ti Billy Ocean jáde ní 1989, "Licence to Chill" tó jẹ́ orin tuntun wà nínú rẹ̀. Lionel Richie ṣe bákan náà ní 1992 nínú Back to Front, orin tuntun mẹ́ta ló fi sí i. Ti Luther Vandross ló yani lẹ́nu jù. Àkójọ tirẹ̀ náà jáde ní 1989, wọ́n sì fi "Here and Now" sí i bí ìgbà tí èèyàn fi ìdẹ sẹ́nu ìwọ̀. Ìdẹ yẹn ló wá di ẹja ńlá. Òun ló gba Grammy àkọ́kọ́ fún Luther ní 1991, a sì ń gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó títí di òní.

Billy Ocean ni a fẹ́ dúró tì díẹ̀. Leslie Sebastian Charles ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Trinidad ni wọ́n ti bí i ní 1950, kékeré ló sì wà tí ẹbí rẹ̀ fi kó lọ sí Ìlú Ọba. Iṣẹ́ télọ̀ ló kọ́, ó sì ránṣọ ní Savile Row ní London, níbi tí àwọn olówó ti ń dá kóòtù. (Ẹ̀yin télọ̀ wa ní Adjamé, ẹ gbọ́ o.) Ó kọ orin kan tó dé ipò kejì ní Ìlú Ọba ní 1976, àmọ́ nígbà tó yá, nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa mọ́ fún ọdún mélòó kan. Ní 1984, òun àti Keith Diamond gbé orin arẹwà obìnrin kan kalẹ̀. "European Queen" ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní Ìlú Ọba. Kò tà. Wọ́n yọ orúkọ yẹn kúrò, wọ́n fi "Caribbean Queen" rọ́pò rẹ̀, wọn ò pààrọ̀ ìlù, wọn ò pààrọ̀ ohùn. Àfi bí orin náà ṣe gbéra sọ! Ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó sì gba Grammy fún un ní 1985.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta wà, "African Queen" lorúkọ rẹ̀. Orin kan náà ni, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n kàn fi sí ipò Caribbean. Iṣẹ́ télọ̀ náà ni: aṣọ kan, wọ́n gé e sí ìwọ̀n oníbàárà mẹ́ta. Nígbà tí àkójọ wá dé ní 1989, "Caribbean Queen" ló wọlé. Tí ẹ bá sọ fún ọmọ ogún ọdún lónìí pé kó kọ "African Queen" fún yín, ti 2Face tó jáde ní 2004 ni yóò kọ, a ò sì lè bá a wí. A ò bá Billy Ocean náà jà. Ohun tí à ń wí ni pé èyí tó tà ni àkójọ máa ń gbà wọlé, ẹni tó bá sì jẹ́ pé àkójọ nìkan ló gbọ́ kò lè mọ̀ pé wọ́n ti pe Áfíríkà lórúkọ nínú orin yẹn rí.

Ní Abidjan tiwa, àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun kọ́ ló dá àkójọ ṣe. Àwọn àgbà rántí bí nǹkan ṣe rí: ẹ ó mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó ka orúkọ orin tí ẹ fẹ́ fún ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀, ẹ ó padà wá gbà á tó bá yá. Òfin kò fọwọ́ sí i. BURIDA tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn akọrin ní Côte d'Ivoire ti wà láti 1981, owó àwọn olórin ló sì ń bá irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà a kò ní pọ́n ọn lé. Síbẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè ṣe irú àkójọ tó wà níbẹ̀. Lionel Richie á wà lójú kan, Sunny Adé á wà lójú kejì, Ernesto Djédjé á sì há sáàárín wọn.

Djédjé yìí, tó kú ní 1983, ọmọ Bété ni. Ó gbọ́ soul dáadáa kó tó pò ó mọ́ ijó ilẹ̀ wọn, tí ó pè é ní ziglibithy. Ẹ wo ẹ̀yìn àwo Ziboté rẹ̀ tó jáde ní 1977, ẹ ó rí Badmos níbẹ̀. Raïmi Gbadamassi, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣòwò àwo ní Abidjan, ló ni orúkọ náà. Nígbà tí àwọn aládùúgbò bá ń pè wá ní Anango bíi pé orí àtẹ ọjà nìkan ni a ti ń ná owó, ẹ rántí ìyẹn.

Bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Èjìgbò fi kásẹ́ẹ̀tì kan hàn wá ní Treichville. "ROUTE" ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Tí wọ́n bá ń rìnrìn àjò láàárín Abidjan àti Èjìgbò ni wọ́n máa ń gbọ́ ọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi bírò kọ orúkọ bodà: Noé, Aflao, Sèmè. Orin tí wọ́n máa ń gbọ́ bí wọ́n bá ń dúró de àwọn aṣọ́bodè níbẹ̀ ni. "There'll Be Sad Songs" ti Billy Ocean ló wà fún Sèmè, nígbà tí wọ́n bá ń fi ilé sílẹ̀ bọ̀. Ọmọ wọn tó jókòó tì wá ní, "Papa, gbogbo ẹ̀ ló wà lórí YouTube." Lóòótọ́ ni. Bírò yẹn ni kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé wa dé ìdí ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn. Ẹ mọ "All Night Long" tí Lionel Richie gbé jáde ní 1983. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ọmọdé fẹ́ràn, tó ń dún bí èdè Áfíríkà. Yàtọ̀ sí ìkíni Swahili kan tó wà níbẹ̀, kì í ṣe èdè kankan; Richie fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun ló hun ún. A ti gbọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní Koumassi tí wọ́n ń kọ ọ́ láìṣì í, gbogbo ohùn rẹ̀ pé. Tó bá wá di Yorùbá tó nítumọ̀, "ẹ kú àárọ̀", "ẹ ṣé", "mo ti yó", "ó dàbọ̀". Best of Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Àwọn gbólóhùn tó tà jù nínú ilé ló wọnú àkójọ wọn. Òwe ò wọlé, ẹ̀fẹ̀ àárín àna àti ìyàwó ò wọlé, bí a ṣe ń ná ọjà láìbínú ò wọlé. A ò dá wọn lẹ́bi: Faransé ni ilé ìwé, Nouchi ni ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà bá pè láti Èjìgbò, tí ìkíni bá ti tán, ẹ wo bí ọmọ ṣe ń yára na fóònù sí màmá rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé páálí yẹn sọ̀kalẹ̀. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀rinrin ọ̀sà wa yìí ń jẹ bébà. Kí ẹ tó gbọ́ èyí tó ti pẹ́, ẹ yí i lọ dé òpin kí ẹ sì yí i padà, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ra kó já. Kí ọmọ bi àgbà pé kí ló dé tó fi jẹ́ orin yìí, ta ló kà á sí i, ọdún wo. Kí àgbà dáhùn ní Yorùbá, bó ti wù kó gùn tó, kí ọmọ sì gba ohùn náà sílẹ̀ sórí fóònù.

A ti ya fọ́tò ti bàbá Treichville. Orin tó wà fún Aflao ni a kò rí kà, bírò ti parẹ́ níbẹ̀. Bàbá ní àwọn máa dá a mọ̀ tí àwọn bá gbọ́ ọ. A ti ń wá ẹ̀rọ tó lè gbé kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́.