Ìṣirò Ló Ń Gbé Rọ́kẹ́ẹ̀tì Fò

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, Jos, Kàdúná àti káàkiri Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ ìṣirò la gbé wá, torí àwọn ọmọ wa ń bi wá pé, "Kí ni mo fẹ́ fi mátíìsì ṣe?"

Ẹ wo ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tí iná ń gbà jáde. Ó fún ní ọrùn, ó wá fẹ̀ bí ẹnu agogo. Kì í ṣe fún ẹwà. Tí ẹ bá fi ìka dín ẹnu rọ́bà omi kù, ṣebí omi á sáré? Bẹ́ẹ̀ ni gáàsì gbígbóná ń sáré lọ sí ọrùn yẹn, títí eré rẹ̀ á fi bá ti ìró dọ́gba. Láti ibẹ̀, nǹkan yí padà: bí ọ̀nà ṣe ń fẹ̀ sí i ló ń sáré sí i.

Ibi tó le ni bí ẹnu náà ṣe máa tẹ̀. Tó bá tẹ̀ láìdáa, gáàsì á kọlu ara rẹ̀ nínú, agbára á ṣòfò. Ní 1929, Prandtl àti Busemann ní Jámánì fi ọ̀nà ìṣirò kan lélẹ̀: ẹ fi àmì méjì tẹ́ ẹ ti mọ̀ wá ẹ̀kẹta, kẹ́ ẹ máa bá a lọ bí ẹni ń hun àwọ̀n. Ní 1958, G. V. R. Rao ní Amẹ́ríkà fi wá ẹnu agogo tó dáa jù. Irú rẹ̀ tó gùn tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ẹnu tó dà bí àrọ tá a fi ń da epo, ó ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì bákan náà. Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń hun àwọ̀n yẹn. Láptọ́ọ̀pù lásán tó o, ọ̀fẹ́ sì ni ètò bí OpenFOAM àti SU2.

Ẹlòmíì á ní rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe oúnjẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí gáàsì ṣe ń sáré, ó wúlò níbi tọ́báìnì tó ń fún wa níná. Ìjọba sì ní ibùdó iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ẹ̀pẹ́, nílé lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ ta ló máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́la?

Àbá wa rèé: ká yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ẹgbẹ́ ọdún yìí, ká fi ra kọ̀ǹpútà kan sí gbọ̀ngàn wa, ká sì gba olùkọ́ ìṣirò fún ọjọ́ Sátidé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin òbí, kí lẹ rí sí i?